Ẹ Kó Kọ̀ǹpáílà Àtijọ́ Kúrò Níwájú Àwọn Ọmọ Wa

Ẹni tó bá mọ ìtàn ogun Kírìjì, tó mọ̀ pé Ìgbájọ níbí ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàgọ́ sí, tí Èkìtìparapọ̀ sì fi Ìmèsí-Ilé ṣe ibùdó tiwọn, yóò mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe ìbọn ló parí ọ̀ràn náà bí kò ṣe àwọn ìránṣẹ́, Samuel Johnson àti Charles Phillips láàárín wọn, tí wọ́n ń ti àgọ́ kan bọ́ sí èkejì ní 1886. Balógun kò wọ àgọ́ ọ̀tá lọ yẹ inú àpò rẹ̀ wò. Ó ránṣẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ títí èsì fi dé.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí àwọn thread, ìyẹn àwọn ẹ̀ka iṣẹ́ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà nínú ètò kọ̀ǹpútà, máa bá ara wọn lò: kí ọ̀kan to iṣẹ́ tó fẹ́ rán sórí ìlà, kí ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ láìdúró de èsì. Èyí ni ó yẹ kí a máa kọ́ àwọn ọmọ wa láti Ìgbájọ dé Ìlá, ohun tí mo sì lòdì sí tọkàntọkàn ni kí olùkọ́ máa fi ògbólógbòó kọ̀ǹpáílà, ètò tó ń tú ohun tí a kọ sí èdè ẹ̀rọ, kọ́ wọn. Turbo C++ tí Borland gbé jáde ní 1990, DOS ni wọ́n ṣe é fún, DOS kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ thread. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì.

Èyí tó tún léwu jù ni kọ̀ǹpáílà tó jẹ́ kí a lo thread, ṣùgbọ́n tí òfin èdè tó ń tẹ̀ lé ti wà ṣáájú 2011, kí thread tó wọ inú òfin C++. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹrú là á rán ni, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpáílà náà a máa fi òye tirẹ̀ tún iṣẹ́ wa tò kí ó lè yá. Òfin C++ ti 1998 kò dárúkọ thread rárá, nítorí náà òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpáílà rò pé ó wà nínú ilé. A kọ ọ́ pé kí a kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ kalẹ̀, kí a tó na àsíá tó ń sọ pé iṣẹ́ ti délẹ̀ sókè. Ó lè na àsíá ná. Thread kejì rí àsíá, ó na ọwọ́, ó bá òfìfo. Tàbí kí ó wo àsíá lẹ́ẹ̀kan, kí ó fi ohun tó rí pamọ́ sápò, kí ó sì máa wo inú àpò náà títí ayé.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ C++ tó ń jẹ́ volatile ni ètùtù rẹ̀. Irọ́ ni. Volatile kò jẹ́ kí kọ̀ǹpáílà fo kíkà tàbí kíkọ ohun tí a fi sàmì sí, ṣùgbọ́n kò de àwọn ohun tó yí i ká, bẹ́ẹ̀ ni kò dá ọpọlọ ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lẹ́kun àtúntò. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà Hans Boehm ti fi hàn ní 2005 pé bí òfin èdè fúnra rẹ̀ kò bá mọ thread, àfikún láti ìta kò lè gbà á là pátápátá.

Ta ni kò rántí ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nígbà tí náírà wọ́n bí ojú, tí ẹni tó fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù rí i pé owó ti kúrò lọ́wọ́ òun, tí ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí sì ń búra pé kò dé? N kò sọ pé kọ̀ǹpáílà ló fà á. Irú ètò ìfowóránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí yóò kọ lọ́la ni mo wí.

Wọ́n á ní kò sówó, kò síná, ẹ̀rọ ti gbó. Ọ̀fẹ́ ni GCC, kò sì bínú sí ẹ̀rọ tí kò lágbára. Ẹni tí ipò bá fi dandan dè mọ́ kọ̀ǹpáílà àtijọ́, kí ó fi mutex, àgádágodo ti POSIX tó ti wà láti 1995, ti ìlà iṣẹ́ rẹ̀ pa, kí ó má fi àsíá lásán ṣe ohunkóhun. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: láti 2013 ni GCC 4.8 ti ní ThreadSanitizer, tó ń tú irú àṣìṣe àárín àwọn thread yìí fó, kí olùkọ́ má sì gba iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ kankan tó lo thread láìjẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ́kọ́ fi í yẹ iṣẹ́ náà wò níwájú rẹ̀.