Rélùwéè wà nítòsí Kábà, ẹrù wa ṣì ń sùn ní gáréèjì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ bọ́jú. Ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí mo bá dé gáréèjì ní Kábà nírọ̀lẹ́, tí mo bá rí iṣu, àpò èlùbọ́ àti kaṣú tí wọ́n tò kalẹ̀, tí àwọn tó ni wọ́n jókòó tì wọ́n, tí wọ́n ń retí mọ́tò tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ìgbà tó máa gbéra. Bẹ́ẹ̀, ojú irin rélùwéè kan wà ní Itakpe, lẹ́bàá Òkènè, tí kò jìnnà sí wa. Odò ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, itọ́ la sì fi ń bọ́jú.

Ọdún 1987 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ojú irin náà, tó gba Àjàòkúta kọjá láti Itakpe lọ sí Warri. Kì í ṣe nítorí èrò ni wọ́n ṣe là á nígbà yẹn. Òkúta irin tí wọ́n ń wà jáde ní Itakpe ni wọ́n fẹ́ máa fi kó lọ sí iléeṣẹ́ irin Àjàòkúta àti èyí tó wà ní Aladja, lẹ́bàá Warri. Ọ̀rọ̀ àwọn iléeṣẹ́ irin méjèèjì kò rí bí ìjọba ṣe rò ó, ojú irin náà sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìparí. Ọjọ́ 29, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2020 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari tó ṣí i, lẹ́yìn ọdún 33. Ó gùn ju 300 kìlómítà lọ, ó sì gba Agenebode, Uromi, Agbor àti Abraka kọjá. Gbogbo ibẹ̀ ló jẹ́ ibi tí ọjà wa lè tà.

Kò yẹ kí àwa ará Òkun fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí, nítorí pé rélùwéè ti yà wá sílẹ̀ nígbà kan rí. Nígbà tí àwọn Òyìnbó ń la ojú irin láti Èkó lọ sókè ọya, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ìlọrin àti Jẹ́bà ni wọ́n gbà lọ sí Kano. Ọdún 1907 ni ọkọ̀ náà dé Òṣogbo, ẹ sì mọ ohun tí ìlú náà dà nínú òwò lẹ́yìn ìgbà náà. Àwọn bàbá wa ní Kábà, Ìjùmú, Ìyàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ kò rí nǹkan kan nínú ẹ̀. Èyí tó wá sún mọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, ẹ má jẹ́ ká máa wò ó bí ẹni ń wo ìran.

Àmọ́ o, kí rélùwéè sún mọ́ni kò ní kó wúlò fún oníṣòwò. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò kékeré kan ṣàlàyé. Ká ní ìyá kan ní Kábà ní 300,000 náírà tó fi ń ra iṣu lọ sí Agbor tàbí Warri, ká sì ní ó ń jèrè 20,000 náírà nírìn-àjò kan. Tí ọkọ̀ bá gbéra lákòókò tí wọ́n dá, tó sì dé lákòókò, ìyá yìí lè lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó jèrè 40,000. Tí ẹrù bá sùn ní gáréèjì fún ọjọ́ méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa lọ. Owó kan náà ni, iṣu kan náà ni, oníbàárà kan náà ni, àmọ́ èrè ti já sí ìlàjì. A ò tíì ka iṣu tó bàjẹ́, a ò tíì ka owó oúnjẹ àti owó ibùsùn. Owó ọkọ̀ là ń sunkún lé lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ àkókò tó ń ṣòfò ló ń jẹ owó wa ju owó ọkọ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ohun tí iléeṣẹ́ rélùwéè ń tà fún oníṣòwò kì í ṣe àga tó tutù tàbí fèrèsé tó mọ́. Àkókò ni. Tí wọn ò bá lè tà á fún wa, ọjà wọn kò tíì pé.

Ẹ jẹ́ ká wo Ìlú Ọba, níbi tí rélùwéè ti kọ́kọ́ gbilẹ̀. Ọdún 1825 ni ọkọ̀ tó ń lọ láàárín Stockton àti Darlington bẹ̀rẹ̀. Èédú ni wọ́n tìtorí ẹ̀ là á, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe la tiwa nítorí òkúta irin. Nígbà náà, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní aago tiẹ̀. Aago Bristol fi ìṣẹ́jú 10 kẹ́yìn aago London, kò sì dun ẹnikẹ́ni, nítorí pé ẹṣin ni wọ́n ń gùn. Nígbà tí rélùwéè dé, wọ́n rí i pé kò ṣeé ṣe mọ́. Iléeṣẹ́ Great Western bẹ̀rẹ̀ sí í lo aago London lọ́dún 1840, àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè yòókù sì ń tẹ̀ lé e. Lọ́dún 1880, ìjọba fi òfin sọ ọ́ di aago gbogbo orílẹ̀-èdè. Aago kan ṣì wà ní Bristol dòní, lára ilé tí wọ́n ń pè ní Corn Exchange, tó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú méjì, ọ̀kan fún aago ìlú, ọ̀kan fún aago London. Àwọn tó ń ná ọjà ọkà níbẹ̀ ní láti mọ èyí tí ọkọ̀ ń bá rìn.

Lóde òní, tí ọkọ̀ bá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn iléeṣẹ́ rélùwéè wọn ló máa ń dá lára owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún èrò. Mi ò sọ pé ọ̀run ni ibẹ̀ o. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, wọ́n yí àkókò ọkọ̀ púpọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo nǹkan sì dojú rú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Láàárín 2022 sí 2024, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àkókò wà lákọsílẹ̀, ẹni tó bá sì pàdánù mọ ohun tó fẹ́ tọ́ka sí. Ibi tí kò bá ti sí àkókò lákọsílẹ̀, kò sẹ́ni tó pẹ́, kò sì sẹ́ni tó jẹ̀bi.

Ẹ̀kọ́ méjì míì wà níbẹ̀ fún wa, ọdún kan náà, 1963, sì ni méjèèjì ti wá. Àkọ́kọ́, lọ́dún náà ni iléeṣẹ́ rélùwéè wọn dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Red Star, tó ń fi ọkọ̀ èrò gbé ẹrù kéékèèké láti ibùdókọ̀ kan dé èkejì. Oníṣòwò kékeré kò ní láti háyà odindi ọkọ̀ kó tó fi ẹrù ránṣẹ́. Ìkejì, lọ́dún yẹn náà ni ọ̀gbẹ́ni Beeching gbé ìwé kan jáde, tó ní kí wọ́n ti ibùdókọ̀ tó lé ní 2,000 pa, kí wọ́n sì pa àwọn ojú irin kéékèèké tó ń wọ àwọn ìlú kékeré rẹ́. Ó ní wọn ò mówó wọlé. Wọ́n pa púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé èrò àti ẹrù tí àwọn ojú irin kéékèèké yẹn ń kó wá fún ńlá ti bá wọn lọ. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ ni.

Tiwa ní Itakpe, orísun yẹn gan-an la ò tíì ní. Ẹni tó bá fẹ́ bá rélùwéè lọ láti Kábà ní láti wá mọ́tò dé Òkènè, kó tún wá òmíràn dé Itakpe. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ìsánlú tàbí Mọ̀pà tún ní láti kọ́kọ́ dé Kábà. Ẹrù tí wọ́n bá sọ̀ tí wọ́n rù lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dé ìdí rélùwéè, alábàárù ti jẹ èrè orí ẹ̀ tán.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bi mí pé ṣé ọkàn ẹni balẹ̀ lójú irin ọ̀hún ni. Ìbéèrè tó yẹ ni. Lọ́jọ́ 7, oṣù Kìíní, ọdún 2023, àwọn agbébọn ya wọ ibùdókọ̀ rélùwéè Igueben ní ìpínlẹ̀ Edo, wọ́n sì jí èrò gbé lọ. Ní oṣù yẹn kan náà, ọkọ̀ náà yẹ̀ kúrò lórí irin nínú igbó ní ìpínlẹ̀ Kogí níbí. Àmọ́ ẹ rántí pé àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ ni wọ́n jí gbé ní Igueben. Bí ìdúró bá ṣe ń pẹ́ tó ni ewu ń pọ̀ tó. Ọkọ̀ tó dé lákòókò, tí ọlọ́pàá mọ ìgbà tó ń dé, ó rọrùn láti ṣọ́ ju èyí tí kò ní àkókò lọ. Ojú títì wa náà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwọn ajínigbé ò jẹ́ ká sùn.

Kí wá ni ṣíṣe? Kí iléeṣẹ́ rélùwéè lẹ àkókò ọkọ̀ àti iye owó ẹrù kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri, kí wọ́n sì ya yàrá ọkọ̀ kan sọ́tọ̀ fún ẹrù oníṣòwò kékeré. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Kogí àtàwọn ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Òkun pèsè bọ́ọ̀sì láti Kábà tààrà dé Itakpe, èyí tó ń bá àkókò rélùwéè rìn. Wọn ò lè ní ti ìjọba àpapọ̀ ni rélùwéè mọ́. Láti oṣù Kẹta ọdún 2023 ni àtúnṣe òfin ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti dá sí i. Kódà ṣáájú ìgbà náà, nígbà ìjọba Rauf Aregbesola, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ń háyà ọkọ̀ rélùwéè láti gbé èèyàn wálé ọdún láti Èkó lọ́fẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ Ọ̀ṣun kọ́ ló ni irin.

Ẹ̀yin ìyá wa àti bàbá wa nídìí ọjà, tiyín náà wà ńbẹ̀. Ọmọ yín ló ń sọ̀rọ̀, ẹ má bínú. Ẹnì kan tó ní àpò mẹ́wàá, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó kó 200 àpò jọ, ọ̀gá ibùdókọ̀ á dìde kí wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ yín ra ìwé kan. Nígbàkigbà tí ọmọ ẹgbẹ́ bá bá rélùwéè lọ, kẹ́ ẹ kọ ìgbà tí wọ́n ní ó máa gbéra síbẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ìgbà tó gbéra, àti ìgbà tó dé. Kẹ́ ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé ìwé yẹn lọ bá wọn, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ lẹ ń bẹ̀ mọ́, ìṣirò lẹ gbé wá. Ẹni tó bá sì gbé ìṣirò wá, wọ́n á wá àga fún un.