Ó Yẹ Kí Òkè-Ògùn Gbọ́ Ohùn Júpítà

Lọ́dún 1955, Bernard Burke àti Kenneth Franklin ta wáyà sórí pápá oko kan ní Maryland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n ń fi rédíò tẹ́tí sí ojú ọ̀run. Ariwo kan kò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Mọ́tò ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Àṣé Júpítà ni, lórí 22.2 mẹ́gáhátìsì.

Plánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù lọ lára àwọn tó ń yí oòrùn po ni Júpítà. Bí a bá kó agbára òòfà rẹ̀ pọ̀, ó tó nǹkan bí ìlọ́po 20,000 ti ayé wa. Io, òṣùpá rẹ̀ kan tí òkè ayọnáyèéfín kún bò, ń tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan imí-ọjọ́ àti ọ́síjìn sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Òòfà náà á gbá a mú, á máa fì í yí ká. Àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan níbẹ̀ ń sáré tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìmọ́lẹ̀ dọ́gba. Nígbà tí ọkọ̀ òfurufú Pioneer 10 gba ibẹ̀ kọjá ní oṣù Kejìlá 1973, ìtànṣán tó bá a ju èyí tó lè pa ènìyàn lọ fíìfíì. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ti kọ̀ǹpútà ọkọ̀ òfurufú Juno, tó gbéra lọ́dún 2011, mọ́ inú àpótí títéníọ́mù tí ògiri rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan.

Ẹni tó fẹ́ gbọ́ ariwo rédíò tí òòfà yìí ń fà kò nílò rọ́kẹ́ẹ̀tì. Láti 1998 ni ètò Radio JOVE ti NASA ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe lè fi wáyà mítà méje-méje àti rédíò kékeré gbọ́ ọ lórí 20.1 mẹ́gáhátìsì. Bí Io bá bọ́ sí ipò tó yẹ, ariwo náà lè máa ta pàrà-pàrà bí àgbàdo inú agbada gbígbóná.

Òkè-Ògùn gan-an ló yẹ kí irú wáyà bẹ́ẹ̀ wà. Ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, òkè pátápátá ni Júpítà máa ń gbà kọjá. Ní Maryland, àwọn ọdún kan wà tó máa ń rẹlẹ̀ gan-an. Jẹnẹrétọ̀ àti wáyà iná ni ọ̀tá iṣẹ́ yìí, pápá tó jìnnà sí wọn sì ṣì pọ̀ lágbègbè náà. Ó ń dunni pé ọmọ ilé-ìwé lè há ìgbì rédíò sórí fún ìdánwò WAEC, kó sì yege, láìgbọ́ ọ̀kan rí láti ojú ọ̀run.

Poli Òkè-Ògùn ní Ṣakí lè ṣe é. Kò ṣàjèjì nílẹ̀ yìí: ní 1957 sí 1958, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ń fi ìgbì rédíò wádìí òfurufú òkè, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè sì ń lo àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Ìdájí ni kí wọ́n máa tẹ́tí sí i. Bí oòrùn bá ti yọ, òfurufú òkè kì í fẹ́ jẹ́ kí ìgbì Júpítà ráyè kọjá, àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ọ̀nà jíjìn á sì bò ó mọ́lẹ̀.