Ẹni Tí Ó Gba Epo Sílẹ̀: Àríyànjiyàn Lórí Bàbá Sàlá

Bí ènìyàn bá dárúkọ Igbóbì létí ọmọ Yorùbá, eegun ni ọkàn onítọ̀hún máa ń sáré lọ bá. Kò sì jẹ̀bi. Láti ọdún 1945 tí wọ́n ti dá ibùdó kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn sójà tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ti ń to eegun tí ó kán ní Igbóbì, títí orúkọ àdúgbò náà fi di ohun tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún awakọ̀ tí ó bá ń sá eré àsápajúdé.

Ṣùgbọ́n lẹ́bàá títì Ìkòròdú tí ó gba ẹ̀gbẹ́ Igbóbì kọjá, àti ní àwọn òpópónà tí ó já sí Ṣómólú àti Bàrígà, ọjà mìíràn wà tí í ṣẹ́ eegun tí dókítà kankan kò lè tò. Ọjà ayédèrú fíìmù ni. Nígbà kan, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ni wọ́n fi ń ná an. Ó di àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n ki ogún fíìmù bọ inú ẹyọ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn èyí ni ó di mẹ́mórì káàdì tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà kó fíìmù sí fún oníbàárà kí ó tó jẹ ẹ̀pà tán lọ́wọ́. Ọjà yìí kì í ṣe ti Igbóbì nìkan, gbogbo Èkó ni ó kún, ó sì kún ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, papòdà ní Iléṣà ní ọjọ́ 7, oṣù Kẹwàá, ọdún 2018, kò sí ẹni tí kò dárò rẹ̀, àti ẹni tí ń ta ọjà yìí àti ẹni tí ń rà á.

Ohun tí wọ́n sọ nínú ìdárò náà gan-an ni ó yẹ kí á bá wọn jiyàn lé lórí. Gbólóhùn méjì péré ni ó gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Èkíní ni pé ọkùnrin náà pa aráyé lẹ́rìn-ín. Èkejì ni pé olè ni ó bà á láyé jẹ́. Wọ́n a sọ ti àkọ́kọ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọn a mi orí sọ ti èkejì, wọn a sì ṣe bí ẹni pé ọ̀kan kò kan èkejì. Irọ́ ni. Ọmọ ìyá ni gbólóhùn méjèèjì. Ẹni tí ó bá ti gbà pé ẹ̀rín lásán ni iṣẹ́ aláwàdà, ojú rẹ̀ kò lè ti í láti mú un lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí ta ni í sanwó ẹ̀rín?

Ọ̀nà orin ni ọkùnrin tí a ń wí yìí gbà wọlé. Ọdún 1936 ni wọ́n bí i, ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì ni. Ẹgbẹ́ olórin háíláìfù tí ó dá sílẹ̀ ní Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ń pè ní Federal Rhythm Dandies, abẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ sì ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ta gìtá, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí King Sunny Adé. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu àwọn kan yóò rò pé orin ni ó kọ̀ ọ́ tí ó fi ya sídìí àwàdà, bí ẹni tí kò rí ilẹ̀ oko tí ó wá ń ta iṣu ọlọ́ṣu. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó bá mọ bí onílù ṣe ń dá ọwọ́ dúró kí ó tó gbá a, yóò mọ̀ ọ́n nínú ẹnu Bàbá Sàlá. Yóò sọ̀rọ̀, yóò dákẹ́, yóò wo òréré, ojú rẹ̀ kò ní rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí àwọn òǹwòran bá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí ni yóò tó sọ èyí tí ó kù. Àkókò tí ó fi dákẹ́ yẹn ni àwàdà náà wà. Orin ni ó ti kọ́ ọ. Àwọn aláwàdà tí wọ́n rò pé ariwo ni àwàdà kò kọ́ èyí rí.

Ẹ wá wo aṣọ. Àwọn tí wọ́n fojú kéré rẹ̀ máa ń ka àwọn nǹkan tí ó máa ń wọ̀ bí ẹni ń ka ìwà wèrè: kóòtù tí ó fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ, táì olórí labalábá tí ó tóbi bí abẹ̀bẹ̀, awò ojú ràgàjì, aago ńlá níbi tí ẹlòmíràn ń so aago ọwọ́ sí. Wọn kò bi ara wọn léèrè ẹni tí ó ń múra bẹ́ẹ̀. Àwọn ọdún 1970 ni owó epo rọ̀bì ya wọ ilẹ̀ yìí bí omíyalé. Ẹni tí kò ní kóòtù rí ra mẹ́ta. Ẹni tí kò mọ aago í wò so wúrà mọ́ ọwọ́. Bàbá Sàlá kó gbogbo ìwà ìgbéraga náà lé ara kan ṣoṣo. Arúgbó ahun tí ó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olówó, tí ó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní ọ̀làjú, tí kò sì fẹ́ ná kọ́bọ̀ lé èyíkéyìí nínú méjèèjì. Orí pèpéle ni ó ti ń ṣe é, orí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn ni ó ti gbilẹ̀ wọ ilé gbogbo ènìyàn, àwọn tí ó ń bú sì jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn kò mọ̀ pé àwọn ni. Bí ọ̀mọ̀wé kan bá fi ojú ewé igba kọ irú ìbáwí bẹ́ẹ̀, wọn ìbá fún un ní oyè.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti dé ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ ilé-ìwé girama tí ó bá ń ka lítíréṣọ̀ Yorùbá mọ Ọba Kò So ti Dúró Ládípọ̀, ó mọ Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ó mọ Baṣọ̀run Gáà ti Adébáyọ̀ Fálétí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, ọba so tàbí kò so, ìyálóde ṣubú, baṣọ̀run ṣubú. Ọmọ náà yóò jáde ìwé pẹ̀lú èrò pé bí kò bá sí ikú, kò sí eré onítàn tí ó ṣe pàtàkì. Bí ẹnìkan bá béèrè ìdí tí wọn kò fi kọ́ ọmọ nípa àwọn Aláwàdà, èsì tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé eré wọn kò sí nínú ìwé, pé àtẹnudẹ́nu ni, pé orí pèpéle ni wọ́n ti ń ro ohun tí wọ́n ń sọ.

Èsì yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ta ni ó kọ ìjálá sílẹ̀ kí ọdẹ tó sun ún? Nínú ìwé wo ni wọ́n ti ka ẹkún ìyàwó? Lítíréṣọ̀ alohùn ni wọ́n ń pe ìwọ̀nyí, wọ́n sì ń fi wọ́n ṣe ìdánwò. Èyí tí ó tún burú jù ni pé àwàdà gan-an kì í ṣe àlejò nínú lítíréṣọ̀ alohùn. Òru ẹ̀fẹ̀ ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹlẹ́fẹ̀ ti ń fi orin àti ẹ̀fẹ̀ bú ìkà àti agbéraga láàárín ìlú. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí àjogúnbá gbogbo àgbáyé ní ọdún 2001. Eégún alárìnjó a máa pidán, a sì máa sín òyìnbó àti àjèjì jẹ títí ẹ̀rín yóò fi gbalẹ̀. Ọmọ inú ilé yìí ni Ọláìyá. Ohun tí ó fi kún un ni pé ó sọ àwàdà di odindi iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ tí ó ṣáájú ń fi í ṣe ìpanu láàárín eré.

Kò túmọ̀ sí pé gbogbo àwàdà rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n kókó mọ́ aṣọ. Àwọn èyí tí ó fi ìyàwó ilé ṣẹ̀sín ti gbó, ẹlòmíràn nínú wọn kò tilẹ̀ dára ní ọjọ́ tí ó ṣe wọ́n. Ẹ jẹ́ kí olùkọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó lè dá iṣẹ́ kan lẹ́bi, ó ní láti gbà ná pé iṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ fíìmù ni ó kù. Ọ̀run Móoru jáde ní ọdún 1982. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀, Túndé Kèlání sì wà lára àwọn tí wọ́n di kámẹ́rà mú. Ọkùnrin kan tí àwọn oníjìbìtì gba ohun ìní rẹ̀ tán ni ó wà nínú ìtàn náà, tí ayé sú, tí ó fẹ́ kú, ṣùgbọ́n tí ọ̀run kò ṣetán láti gbà á. Owó gọbọi ni irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ń jẹ nígbà náà: fíìmù gidi ni, òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Ọláìyá yá owó lé e. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí owó náà sì lè gbà padà ni kí ó máa gbé fíìmù náà láti ilé sinimá kan dé èkejì, láti gbọ̀ngàn ìlú kan dé òmíràn, kí ènìyàn máa san owó ẹnu ọ̀nà. Kò tíì rin ìrìn náà jìnnà tí ẹ̀dà rẹ̀ fi bọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì fídíò ní ọwọ́ àwọn tí kò ni í. Ẹni tí ó bá ti wò ó ní pálọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò tún ní sanwó ní gbọ̀ngàn mọ́. Bí gbèsè ṣe ku ẹni tí ó ṣe é nìyẹn, tí ohun tí ó ṣe lérè sì dé bá a ní ojúkojú.

Olè ni, wọ́n ní. Olè wo? Wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọkùnrin kan ni, tí ó jí nǹkan kan, ní òru kan. Ẹni tí ó jí fíìmù kò lè dá a wò. Ẹni tí ó ya kásẹ́ẹ̀tì náà ní ilé ìyáfídíò ńkọ́? Ẹni tí ó pe ará àdúgbò jọ wò ó ní ọjọ́ ìkómọ ńkọ́? Àwọn àgbà ni wọ́n sọ pé ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó gbé epo Ọ̀run Móoru lájà. Ilẹ̀ Yorùbá lódindi ni ó gbà á sílẹ̀, tí ó fi jẹ iṣu, tí ó wá ń káàánú ẹni tí ó ni ín.

Àwọn kan á di ọ̀rọ̀ náà ru òfin. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 1970. Wọ́n tún un ṣe ní 1988, wọ́n sì fọwọ́ sí òmíràn tí ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní 2023. Mẹ́ta rèé. Ọjà ẹ̀bá títì kò tíì kógbá wọlé, nítorí kò sí ọlọ́pàá tí ó lè mú oníbàárà tí ó gbà tọkàntọkàn pé òun kò ṣe nǹkan kan.

Ìtàn tí wọ́n sì ń sọ pé ayé rẹ̀ parí síbẹ̀, ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́. Ààrẹ Àgbáyé jáde ní 1983. Ní 1985, ó gbé Mosebọ́látán jáde, èyí tí Adé Afọláyan darí. Kí ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá tú orúkọ náà wò, kí ó rántí ohun tí ojú ẹni tí ó sọ ọ́ ti rí ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ní 1992, nígbà tí ṣíṣe fíìmù gidi ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ òṣèré, ó ṣe Àgbà Man sórí fídíò, ẹ̀rọ kan náà tí wọ́n fi jà á lólè. Ẹni tí ó ń ṣe iṣẹ́ ni, kì í ṣe ẹni ìkáàánú. Ṣùgbọ́n àánú rọrùn fún àwọn òǹwòran ju owó ẹnu ọ̀nà lọ.

Iṣẹ́ náà kò sì kú. Láti ọdún 1996 ni ẹgbẹ́ Crown Troupe of Africa tí Ṣẹ́gun Adéfilá dá sílẹ̀ ti ń pa orin, ijó àti ẹ̀fẹ̀ pọ̀ ní Bàrígà. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣe àwàdà orí fóònù ń wọ kóòtù tí ó fẹ̀ jù wọ́n lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì lọ bá ọmọkùnrin tí ó gbé kọ̀ǹpútà síta lẹ́bàá títì ní Igbóbì, tí ó ní kí ó wá Ọ̀run Móoru fún òun, kò ní pẹ́ rí i. Ẹ̀dà tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá ni yóò jẹ́, ohùn rẹ̀ yóò máa há, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọmọ-ọmọ kásẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí wọ́n jí. Ọmọkùnrin náà yóò kó o sínú mẹ́mórì káàdì, yóò fi fíìmù méjì mìíràn ṣe èènì, yóò sì gba owó rẹ̀.