Ọjọ́ Ìtọrẹ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì: Kí Ni Ti Mùsùlùmí Níbẹ̀?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fún wa ní arísìkí, tí ó sì pàṣẹ kí á ná nínú rẹ̀ sí ojú ọ̀nà Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ní ọdún 2012 ni ilé àṣà kan ní ìlú New York, 92nd Street Y, pẹ̀lú àjọ United Nations Foundation, dá ọjọ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní GivingTuesday. Àtàláátà tí ó bá tẹ̀lé ọjọ́ ìdúpẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ni, ní ìparí oṣù kọkànlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá. Ọjọ́ ọjà títà àti rírà ni ó ṣáájú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ó ti ra tirẹ̀ tán rántí ẹlòmíràn. Àṣà náà ti dé Nàìjíríà, àwọn àjọ aláàánú sì ń fi í tọrọ owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè àwọn kan ni pé: ṣé kì í ṣe àdádáálẹ̀?

Ìdáhùn wa nìyí. Ẹni tí ó bá gbà pé Àtàláátà náà ní ọlá kan lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ti fi ohun tí kò sí nínú ẹ̀sìn kún ẹ̀sìn. Ọlá Rámàdáánì àti ti ọjọ́ mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú Dhul-Hijjah ni a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mú un gẹ́gẹ́ bí àsìkò tí etí àwọn ènìyàn ṣí sílẹ̀, irinṣẹ́ ni ó mú lò. Sàárà tí ó ṣe ni ìjọsìn, kì í ṣe ọjọ́ náà.

Ẹ rántí háádíìsì Jarir ọmọ Abdullah tí Imam Muslim gbà wá. Àwọn ènìyàn Mudar wá sí Mẹ̀dínà, ìyà hàn lára wọn, ojú Ànábì sì yí padà. Ó ní kí Bilal pe ìrun. Lẹ́yìn ìrun, ó pe àwọn ènìyàn sí sàárà, bó tilẹ̀ jẹ́ ààbọ̀ èso dàbínù. Ará Mẹ̀dínà kan gbé àpò kan dé tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo jù fún un, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e, títí oúnjẹ àti aṣọ fi di òkìtì méjì. Àìní àwọn àlejò náà ni ó yan àsìkò. Gbangba ni a ti tọrọ, gbangba ni a ti mú un wá, ẹni àkọ́kọ́ sì ṣí ọ̀nà fún àwọn tó kù.

Ẹ wo Alimosho wa. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 níbẹ̀. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ Èkó tí ó pọ̀ tó o. Láti Egan dé Igando, Ikotun àti Egbeda, ta ni kò mọ opó tí owó ilé ń dà láàmú, tàbí aláìsàn tí kò rí owó oògùn? Àpótí ọjọ́ Jímọ̀ nìkan kò lè gbé e. Àwọn ọmọ wa tó ti lọ sí London àti Houston kò sí ní sàfù wa mọ́, ṣùgbọ́n fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Owó ìdáwó ni àwọn bàbá wa tí wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1923 fi kọ́ ilé-ìwé fún ọmọ Mùsùlùmí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Àmọ́ ṣá, ó ní àwọn májẹ̀mú.

Èkíní, kí á má da sàká pọ̀ mọ́ sàárà. Sàká di ọ̀ranyàn lórí owó tó tó iye wúrà gíráàmù 85, tí ó sì pé ọdún òṣùpá kan, ìdá 2.5 nínú 100 ni, àwọn ìsọ̀rí 8 inú Súratu Tawbah, áyà 60, ni ó sì ni ín. Ọ̀pọ̀ àwọn áálímù kò fọwọ́ sí i pé kí á fi kọ́ mọ́sálásí tàbí kí á fi gbẹ́ kànga. Zakat and Sadaqat Foundation, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2000, gbé ìyàtọ̀ yìí sínú orúkọ ara rẹ̀.

Èkejì, ẹ ṣe ìwádìí. Kí àjọ náà ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí àpò owó ní báǹkì sì wà ní orúkọ àjọ, kì í ṣe orúkọ ẹnì kan. Orúkọ olówó àpò máa ń jáde kí ẹ tó tẹ nọ́ńbà àṣírí yín. Ẹ kà á dáadáa. Àwọn gbájú-ẹ̀ mọ bí a ti í fi àwòrán aláìsàn pawó.

Ẹ̀kẹta, ẹ má ta iyì aláìní. Súratul-Baqarah, áyà 264, kìlọ̀ pé ìrègún àti ìnira a máa ba sàárà jẹ́. Ẹni tí a fún ní ìrẹsì, tí a sì tan àwòrán rẹ̀ ká ayé, ti san owó ìrẹsì náà pẹ̀lú ojú tì.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan àìní kan ṣoṣo kí Àtàláátà náà tó dé, kí ó sọ iye owó rẹ̀, kí ó sì yan olóòótọ́ méjì. Bí ó bá jẹ́ ti ilé ìwòsàn, kí wọ́n san án fún ilé ìwòsàn tààrà. Ní Jímọ̀ tí ó bá tẹ̀lé e, kí wọ́n ka iye tó wọlé àti ibi tí ó lọ sí létí gbogbo ìjọ. Iṣẹ́ tí Ọlọ́hun fẹ́ràn jù ni èyí tí a kò dáwọ́ rẹ̀ dúró, bí ó tilẹ̀ kéré; ẹni tí ó bá fi igba náírà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kí ó máa fi í sílẹ̀ lóṣooṣù.

Kí Ọlọ́hun gbà á lọ́wọ́ wa ní ìjọsìn, kí ó sì pa wá mọ́ kúrò nínú ṣekárími. Àmín. Wàsàlámù aláékùm wàráhmátúlàhi wàbàrákátùh.