Ọ̀RỌ̀ ILÉ: Ta Ni Yóò Bá Aláìsàn Lọ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ilé sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ti àrùn jẹjẹrẹ ni. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀kà ni kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ rárá. “Àìsàn yẹn” ni wọ́n ń pè é, wọn a sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni pé yóò gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá lè dárúkọ, báwo ni a ó ti ṣe gbìmọ̀ lé e lórí? Àwọn tí ń ṣírò ọ̀ràn àrùn yìí káàkiri ayé sọ pé ní ọdún 2020 nìkan, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní ilẹ̀ Nàìjíríà ju 120,000 lọ, àwọn tí ó sì pa ju 75,000 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilé tirẹ̀ nìkan ni ó wọ̀.

Bí àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀ àti oògùn tí ó tọ́ sí i, dókítà ni ó ni iṣẹ́ náà, a kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbéèrè tiwa ni èyí: nígbà tí dókítà bá ti sọ̀rọ̀ tán, tí aláìsàn sì dìde láti lọ gba ìtọ́jú, ta ni yóò bá a lọ?

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Kì í ṣe ẹnì kan pàtó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gbé ní Àkókó yóò mọ irú rẹ̀. Ìwárò ní Ọ̀kà ni ó ń gbé, iṣu ni ó ń tà, ó sì ti tó ẹni àádọ́ta ọdún. Níbi tí ó ti ń wẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti kan kókó kan nínú ọmú, kókó líle tí kò dùn ún. Nítorí pé kò dùn ún, ó gbé e pamọ́. Báyìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń ṣe, ó sì léwu gidigidi, nítorí kókó jẹjẹrẹ inú ọmú kì í sábà dun ènìyàn ní ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ kọjá kí ó tó sọ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ọkọ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ fún, kì í sì í ṣe àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Èkó. Kì í ṣe ìtìjú nìkan ni ó pa á lẹ́nu mọ́. Ó rò ó pé bí òun bá sọ ọ́, owó ilé yóò tán, owó ilé ìwé ọmọ yóò sì bá a lọ.

Láti ilé ìwòsàn Ìwárò, wọ́n rán an lọ sí ti Ìkàrẹ́. Láti Ìkàrẹ́, wọ́n kọ̀wé fún un lọ sí ilé ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ bu ègé kékeré nínú kókó náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Èsì irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí ni ó sì ń ba ìtọ́jú ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́. Ní àkókò yìí ni olóògùn yóò dé pẹ̀lú ìgò àgbo, tí ẹlòmíràn yóò ní kí a gbé e lọ sí orí òkè àdúrà fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, tí ẹnì kẹta yóò sì búra pé bí abẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, ńṣe ni yóò ràn ká gbogbo ara. Èyí tí ó gbẹ̀yìn yìí kì í ṣe òtítọ́. Ohun tí ó jẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà á gbọ́ ni pé àwọn tí ó lọ sábẹ́ abẹ nígbà tí ó ti pẹ́ jù ni wọ́n rí. Àdúrà kò bá oògùn jà, kò sì sí dókítà olóye kan tí yóò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ẹni tí ó bá ní kí a fi ọjọ́ tí dókítà dá sílẹ̀ kí a tó gbàdúrà ni kí ilé béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ti àgbo, bí aláìsàn bá ti mu ún, kí ó sọ fún dókítà láìfi pamọ́, nítorí òmíràn ń pa ẹ̀dọ̀ lára, òmíràn sì ń bá oògùn jẹjẹrẹ jà nínú ara.

Nígbà tí èsì dé, tí ó sì jẹ́ ohun tí a ń bẹ̀rù, wọ́n dárúkọ Ìbàdàn fún un, nítorí ẹ̀rọ ìtànṣán tí a fi ń jó àrùn náà kò sí nítòsí. Láti Ọ̀kà, ènìyàn yóò gba Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, Iléṣà àti Ifẹ̀ kí ó tó dé ilé ìwòsàn ńlá tí a ṣí ní Ìbàdàn ní ọdún 1957, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH. Ẹ̀rọ irú rẹ̀ wà ní Èkó pẹ̀lú, nínú ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí a ṣí ní LUTH ní ọdún 2019. Èyíkéyìí tí ẹ bá ń lọ, ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ wọ́n láago láti béèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí a máa dáṣẹ́ sílẹ̀ nígbà mìíràn, owó ọkọ̀ Àkókó kì í sì í ṣe owó tí a ń fi ṣòfò.

Níhìn-ín ni iṣẹ́ ará ilé ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni tí ó gbọ́ irú ìròyìn yìí lẹ́nu dókítà, etí rẹ̀ a di. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí a sọ fún un, bóyá méjì ni yóò mú délé. Nítorí náà, kí ẹni tí yóò bá a wọlé sọ́dọ̀ dókítà jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, tí ó mọ̀wé, tí kì í sì í tijú láti béèrè nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe dandan kí ó jẹ́ àkọ́bí, kì í sì í ṣe dandan kí ó jẹ́ ẹni tí ó lówó jù. Kí ó mú ìwé àkọsílẹ̀ kan lọ́wọ́, kí ó máa kọ ọjọ́, orúkọ oògùn, iye rẹ̀, àti ohun tí dókítà wí. Kí ó ní àpò kan tí gbogbo èsì àyẹ̀wò yóò máa wà nínú rẹ̀, pàápàá jù lọ èsì ègé ara tí a bù ní Ọ̀wọ̀, nítorí Ìbàdàn yóò béèrè rẹ̀, bí kò bá sì sí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: ilé àyẹ̀wò a máa tọ́jú ègé ara náà pa mọ́ nínú ìda. Ẹ lè béèrè fún un láti gbé e lọ síbòmíràn fún àyẹ̀wò tí yóò fi hàn bóyá họ́mọ́nù obìnrin ni ó ń bọ́ àrùn náà. Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ni yóò sọ irú oògùn tí yóò lò fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Oògùn tí a ń fà sínú iṣan, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní kímò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún ènìyàn, ní ìgbà mẹ́rin, mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Ohun gbogbo tí ń yára dàgbà nínú ara ni ó ń lù, ìdí nìyí tí irun fi ń re, tí ẹnu fi ń bó, tí inú sì ń ru. Irun yóò tún hù. Kí ẹ sọ èyí fún àwọn ọmọ kéékèèké kí wọ́n tó rí orí ìyá wọn, kí wọ́n má ba à sá fún un. Kí ẹ sì sọ fún wọn pẹ̀lú pé jẹjẹrẹ kì í ràn nípa àwo, ife tàbí ibùsùn. Bí kò bá fẹ́ iyán, ẹ má ṣe sọkún lé e lórí. Ẹ fún un ní ẹ̀kọ mímu, ẹyin tí ó jinná dáadáa, ẹja nínú ọbẹ̀ tí ata rẹ̀ kò pọ̀, díẹ̀díẹ̀, nígbà púpọ̀.

Èyí tí a fẹ́ kí ẹ kọ sára ògiri ni ti ìgbóná ara. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tí ó bá gba oògùn yìí, agbára tí ara fi ń bá àrùn jà a máa lọ sílẹ̀ púpọ̀. Kí ilé ra tẹmómítà kan. Bí ó bá kà tó 38, ẹ má ṣe pè é ní ibà, ẹ má ṣe ra oògùn ibà lọ́wọ́ ẹni tí ń ta oògùn ní àdúgbò, ẹ má sì dúró de òwúrọ̀. Ilé ìwòsàn ni, ní òru náà, kí ẹ sì sọ ní ẹnu ọ̀nà pé ẹni tí ń gba oògùn jẹjẹrẹ ni ẹ gbé wá.

Owó ńkọ́? Àwọn ọmọ Àkókó tí ó wà ní Èkó àti ní òkè òkun a máa fi owó ránṣẹ́, wọ́n ń ṣe dáadáa, kí Ọlọ́run san án fún wọn. Ṣùgbọ́n a rí i pé owó náà a máa pọ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, a sì máa gbẹ nígbà tí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹrin oògùn, bẹ́ẹ̀ ni ìtọ́jú tí a dá dúró láàárín ọ̀nà kì í ṣe ìtọ́jú. Ìmọ̀ràn tiwa ni kí ẹbí jókòó pọ̀, kí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú owó ọkọ̀ àti owó ibùwọ̀ ní Ìbàdàn, nítorí ìtànṣán a máa gba ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí wọ́n wá dá a bí a ti ń dá àjọ, oṣù dé, olúkúlùkù san tirẹ̀. Ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá, ẹ̀ka kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ti aláìsàn tí owó kò ká a lọ́wọ́. Ẹ béèrè wọn. Ẹni tí kò béèrè, kò sí ẹni tí yóò wá a kiri.

A ní ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin ọkọ. Bí wọ́n bá gé ọmú ìyàwó yín, ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ wo ojú yín láti mọ ohun tí òun dà. Ẹ wọlé tọ̀ ọ́ ní ilé ìwòsàn, ẹ má ṣe rán àna yín nìkan. Ẹ sì ti ara yín wò pẹ̀lú, nítorí ọkùnrin náà a máa fi àìlètọ̀ dáadáa pamọ́ bí obìnrin ti ń fi kókó pamọ́. Gómìnà Rotimi Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, jẹjẹrẹ prostate ni ó pa á ní Jámánì ní ọjọ́ 27 oṣù December, ọdún 2023. Agbẹjọ́rò Gani Fawehinmi, ọmọ Oǹdó, ti ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á ní ọdún 2009. Ipò kì í dá a dúró.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó mú ni ó ń pa. Ìyàwó Akeredolu kan náà, Betty Anyanwu-Akeredolu, ti bá jẹjẹrẹ ọmú jà, ó yè é, ó sì dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní ọdún 1997 kí àwọn obìnrin lè máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní gbangba. Kí ó tó dìgbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Victor Anomah Ngu, ọmọ Kamẹrúùnù tí ó ṣiṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn, ti fi oògùn wo àwọn ọmọdé tí jẹjẹrẹ wú sí ní àgbọ̀n. Ní ọdún 1972, òun àti àwọn dókítà mìíràn gba ẹ̀bùn Lasker ní Amẹ́ríkà nítorí iṣẹ́ yìí.

Ibi tí ìwòsàn kò bá ti ṣeé ṣe mọ́, ìtọ́jú kò tíì parí. Ìrora jẹjẹrẹ ṣeé pẹ̀rọ̀. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ti ja ìjà pípẹ́ kí mọ́fíìnì mímu lè dé ọwọ́ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rù pé yóò sọ ìyá yín di olóògùn olóró. Bí ẹ bá lò ó bí dókítà ti wí, oorun ni yóò fún un. Kí ẹ béèrè oògùn tí ń mú ìgbẹ́ rọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ó máa ń dí ènìyàn nínú.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá wa ti Ìwárò, kí a wí pé ó parí ìtọ́jú, ó sì padà délé. Wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ìjọ, wọ́n jẹ, wọ́n mu, olúkúlùkù lọ. Ọjọ́ Ajé tí ó tẹ̀lé ìdúpẹ́ yẹn ni a kì í rò. Àárẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó sì lè pẹ́ ní ọ̀pọ̀ oṣù. Apá rẹ̀ lè máa wú, a kò sì gbọdọ̀ fa ọmọ odó lé e lọ́wọ́ títí dókítà yóò fi ní kí ó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjà, wọ́n ń wo àyà rẹ̀ kí wọ́n tó wo iṣu rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá dùn ún lálẹ́, kò ní sùn, yóò máa rò pé ó ti padà dé. Bí wọ́n bá fún un ní tamoxifen, ojoojúmọ́ ni yóò máa lo ó fún ọdún márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́wàá, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá pátápátá; àìmọye ni ó ti sọ ọ́ nù ní ọdún kejì nítorí pé “ara mi ti yá.” Ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, dókítà yóò tún fẹ́ rí i. Ẹni tí ó bá a lọ sí Ìbàdàn ní ìṣáájú ni kí ó tún bá a lọ, pẹ̀lú ìwé àkọsílẹ̀ kan náà.

Àti àbúrò rẹ̀ obìnrin yẹn, ẹni tí ó kọ́kọ́ gbọ́. Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa láti ìgbà tí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀, orí ìjókòó ilé ìwòsàn ni ó ń sùn, kò sì sí ẹni tí ó bi í bí òun náà bá ti jẹun. Kí àwọn obìnrin ìjọ méjì pín ọjọ́ láàárín ara wọn, kí ọ̀kan máa lọ jókòó ti aláìsàn ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, kí èkejì máa lọ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, kí obìnrin yìí lè lọ sí ilé ara rẹ̀, kí ó wẹ̀, kí ó sì sùn.