Ìfẹ́ Láàárín Ènìyàn àti Iwin: Ìdí Tí Mo Fi Fẹ́ràn Mángà

Bí o bá bá mi pàdé nínú ọkọ̀ ojú irin ní Lọ́ńdọ̀nù, tí o rí i pé mò ń ka ìwé láti ẹ̀yìn bọ̀ wá sí iwájú, má ṣe rò pé orí mi ti dàrú. Mángà ni mò ń kà. Ìwé ìtàn aláwòrán àwọn ará Japan ni mángà. Apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọn a sì máa kà á lọ sí apá òsì. Oríṣiríṣi ló wà: ti bọ́ọ̀lù, ti oúnjẹ, ti ogun, ti ọlọ́pàá. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni èyí tí ìfẹ́ àti iwin ti pàdé, tí ọmọbìnrin kan ń fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ènìyàn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí èyí. Àwọn kan ní ìwé ọmọdé ni. Àwọn mìíràn ní ìwé ẹ̀mí burúkú ni. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, gbọ́ tẹnu èmi náà kí o tó dájọ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí nígbà tí èmi àti màmá mi kó láti Ìbàdàn wá sí Lọ́ńdọ̀nù. N kò ní ọ̀rẹ́ ní ilé ìwé, nítorí náà ilé ìkàwé àdúgbò ni mo máa ń lọ bí a bá ti jáde. Ibẹ̀ ni mo ti rí Fruits Basket, iṣẹ́ ọwọ́ Natsuki Takaya. Ọdún 1998 ni ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hana to Yume, ó sì parí ní ọdún 2006. Nígbà tí wọ́n kó o jọ, ó di ìwé 23.

Ìtàn náà dá lórí Tohru Honda, ọmọ òrukàn tí ó ń gbé inú àgọ́ lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀. Ìdílé kan tí à ń pè ní Sohma gbà á sílé. Ṣùgbọ́n ìdílé yìí ní àṣírí: ègún wà lórí àwọn kan nínú wọn. Ẹ̀mí àwọn ẹranko méjìlá tí àwọn ará Ṣáínà àti Japan fi ń ka ọdún, pẹ̀lú ẹ̀mí ológbò, ń gbé inú wọn. Bí obìnrin ará ìta bá dì mọ́ ọkùnrin tí ègún náà wà lórí rẹ̀, tàbí tí ọkùnrin ará ìta bá dì mọ́ obìnrin irú rẹ̀, kíá ni onítọ̀hún yóò di ẹranko.

Ó lè pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Ó kọ́kọ́ pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n rò ó wò: báwo ni ayé yóò ṣe rí fún ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ kò lè gbé mọ́ra láìjẹ́ pé ọmọ náà di ẹranko lọ́wọ́ rẹ̀? Ìyá kan wà nínú ìtàn náà tí ọ̀rọ̀ yìí dùn débi pé ó ní kí wọ́n pa ìrántí ọmọ òun rẹ́ kúrò lọ́kàn òun. Ọmọ náà wà láàyè, ó ń wo ìyá rẹ̀ láti òkèèrè, ìyá kò sì mọ̀ ọ́n. Bí Takaya bá kàn kọ ọ́ pé ọmọ yìí kò rí ìfẹ́ gbà, à bá kà á kọjá. Ègún inú ìtàn náà ni ó jẹ́ kí a fi ojú rí ìyà ọmọ náà. Èmi tí mo máa ń dá jókòó ní ilé ìkàwé títí màmá mi yóò fi ti ibi iṣẹ́ dé, ohun tí ìwé náà ń sọ yé mi.

Ìdí kìíní tí mo fi fẹ́ràn irú mángà yìí nìyẹn. Ìfẹ́ tí kò ní ìdíwọ́ kì í di ìtàn. Nínú ìwé ìfẹ́ lásán, owó tàbí òbí lè jẹ́ ìdíwọ́. Nínú mángà iwin, èèwọ̀ ni ìdíwọ́, èèwọ̀ kì í sì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Wo ìtàn kúkúrú kan tí Yuki Midorikawa kọ, Hotarubi no Mori e. Ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà kan, Hotaru, sọnù sínú igbó òrìṣà orí òkè. Ẹnì kan tí ó fi ìbòjú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bo ojú fi ọ̀nà hàn án. Gin ni orúkọ rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ kàn án, yóò parẹ́ pátápátá. Ní ọdọọdún, bí ìgbà ooru bá dé, Hotaru a padà wá. Hotaru ń dàgbà, ṣùgbọ́n agbára káká ni Gin fi ń yí padà. Wọ́n wá fẹ́ràn ara wọn, wọn kò sì lè di ara wọn lọ́wọ́ mú. N kò ní sọ bí ó ṣe parí. Lọ kà á fúnra rẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti kà á, mo mọ̀ pé kí a di ẹni tí a fẹ́ràn lọ́wọ́ mú kì í ṣe ohun kékeré.

Ìdí kejì kan ìwọ tí ò ń kọ́ èdè Yorùbá. Yōkai ni àwọn ará Japan ń pe irú àwọn ẹ̀dá yìí, ọ̀rọ̀ náà sì gbòòrò gan-an. Yōkai kan lè pa ènìyàn. Òmíràn ń gbé inú odò, apálá ni oúnjẹ tí ó fẹ́ràn jù. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ a máa tan ènìyàn jẹ, síbẹ̀ òun náà ni ìránṣẹ́ Inari, òrìṣà ìrẹsì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá pe gbogbo wọn ní ẹ̀mí burúkú kò tíì wò wọ́n dáadáa. Àwa náà ní iwin, a ní ọ̀rọ̀, a ní egbére, a ní ẹbọra, a kì í sì í fi ọ̀kan pe èkejì.

Màmá mi kò kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ tí wọ́n rí àwọn ìwé náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, wọ́n figbe ta: "Kí lo ń kà yìí? Ṣé o fẹ́ kó iwin wọ ilé mi ni?" Wọ́n ní kí n dá gbogbo rẹ̀ padà ní ọjọ́ kejì. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbọ́ ìtàn kan péré, ọ̀kan lára àwọn ìtàn àtijọ́ tí irú mángà yìí ti ṣẹ̀ wá. Mo sọ ìtàn Kuzunoha fún wọn. Ọkùnrin kan gba kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ nínú igbó Shinoda. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ náà di obìnrin, ó di aya rẹ̀, ó sì bí ọmọkùnrin kan fún un. Ní ọjọ́ tí àṣírí rẹ̀ tú, ó fi ọkọ àti ọmọ sílẹ̀, ó padà sínú igbó.

Màmá mi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé àwọn ará Japan nìkan ló nìyẹn?" Wọ́n jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì pa ìtàn ọdẹ tí ó fẹ́ àgbọ̀nrín fún mi: bí àgbọ̀nrín ṣe bọ́ awọ rẹ̀ tí ó di arẹwà obìnrin, bí ọdẹ ṣe gbé awọ náà pa mọ́, bí ìyáálé ṣe fi àṣírí náà bú u, tí ó sì wá awọ rẹ̀ rí, tí ó gbé e wọ̀, tí ó sá padà sí igbó. N kò gbọ́ ìtàn yẹn rí. Ìyá wọn ló máa ń pa á fún wọn lálẹ́ òṣùpá, wọ́n sì rò pé kò lè wúlò fún ọmọ tí ń gbé Lọ́ńdọ̀nù.

Mo dá àwọn ìwé náà padà bí wọ́n ṣe wí, mo sì yá òmíràn. Wọn kò bá mi wí mọ́.

N kò sọ pé mángà kò ní àbùkù. Àwọn kan máa ń fi ọkùnrin tí ń fipá fa ọmọbìnrin mọ́ra hàn bí ẹni pé ìfẹ́ nìyẹn. Ìfẹ́ kọ́. Bí o bá bá irú rẹ̀ pàdé, pa ìwé náà dé. Àwọn mìíràn gùn jù. Inuyasha, tí Rumiko Takahashi kọ láti ọdún 1996 sí 2008, jẹ́ ìwé 56, ọ̀tá kan náà sì ń sá mọ́ wọn lọ́wọ́ títí ó fi sú mi. Síbẹ̀ mo kà á dópin nítorí Inuyasha fúnra rẹ̀. Iwin ajá ni bàbá rẹ̀, ènìyàn ni ìyá rẹ̀. Àwọn iwin ní kì í ṣe tiwọn, àwọn ènìyàn náà ní kì í ṣe tiwọn. Bí ọ̀kan nínú àwọn òbí rẹ bá jẹ́ Yorùbá tí èkejì kì í ṣe Yorùbá, ó ṣeé ṣe kí o mọ bí ó ti ń rí.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Hotarubi no Mori e, nítorí ó kúrú. Bí o bá kà á tán, wá àgbàlagbà kan tí ó gbọ́ Yorùbá, kí o sì sọ ìtàn náà fún un ní Yorùbá. O ti ní àwọn ọ̀rọ̀ tí o nílò: igbó, ìbòjú, èèwọ̀, ìfẹ́. Bí o bá ṣi ọ̀rọ̀ kan sọ, má ṣe dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá dákẹ́, tí ó wá bi ọ́ pé, "Ta ló sọ fún ẹ pé àwọn ará Japan nìkan ló nìyẹn?", ìwọ náà dákẹ́, kí o fetí sílẹ̀.