Lẹ́tà Gbangba sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn Lórí Kíkà Igi Inú Igbó Omo

Ọlọ́lá Jùlọ,

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kì í ṣe ti ojú ọ̀nà tàbí ti iná mànàmáná, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ti ń kọ̀wé sí yín lé lórí. Ọ̀rọ̀ igbó Omo ni, igbó rìsáàfù tí ó tẹ́ rẹrẹ sí ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí fífẹ̀ rẹ̀ lórí ìwé ìjọba tó nǹkan bí 130,500 hẹ́kítà, níbi tí ìrókò olúwéré, ọ̀gànwó, arère àti àfàrà ti ga fíofío kí a tó bí àwọn baba tí ó bí wa, tí àjànàkú sì ń rìn níbẹ̀ títí di òní olónìí. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: kí a má ṣe buwọ́ lu ìwé gígé gẹdú kankan mọ́ nínú igbó náà, àfi bí a bá ti fi ìlànà tí ó gún régé mọ iye igi tí ó wà níbẹ̀, tí a sì ti sọ fún ará ìlú bí iye náà ṣe lè fi díẹ̀ pọ̀ jù tàbí kéré jù.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà wa ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n igi inú igbó ìjọba kì í ṣe ọmọ ẹnì kan. Ogún gbogbo wa ni, àwọn tí a kò tíì bí sì ní ìpín nínú rẹ̀. Ogún tí a kò mọ iye rẹ̀ kò ṣeé pín, kò ṣeé ṣọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè mọ ìgbà tí olè bá kó nínú rẹ̀.

A ti ya igbó yìí sọ́tọ̀ láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nínú rẹ̀ ni a ti fi 460 hẹ́kítà ṣe ibi tí àdá kò gbọdọ̀ kàn rárá, èyí tí ó di ọ̀kan nínú àwọn ibi ìpamọ́ ohun abẹ̀mí tí UNESCO fọwọ́ sí ní ọdún 1977. Nínú rẹ̀ kan náà ni a ti wó igbó àdáyébá lulẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, tí a fi igi Gmelina rọ́pò rẹ̀, nítorí pépà tí a ní a ó máa ṣe ní Ìwópin. Àwọn àgbẹ̀ kòkó náà ti wọ inú rẹ̀. Láàárín ọdún 1973 sí 1977, ẹ̀ka igbó ìjọba àpapọ̀ ṣe kíkà kan fún àwọn igbó rìsáàfù gúúsù Nàìjíríà, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n sì ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bí nígbà náà ti ní ọmọ-ọmọ, ayùn ẹ̀rọ sì ti wọ ibi tí àáké kì í dé tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá fi iye igi tí a rí nígbà náà pín igi fún agégẹdú lónìí, igi tí ó ti kú ni ó ń tà.

Ẹ lè bi mí pé, ta ni yóò ka gbogbo igi inú 130,500 hẹ́kítà? Kò sẹ́ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbìyànjú rẹ̀. Ní ọdún 1856, ọmọ Jámánì kan tí ń jẹ́ Dietrich Brandis di alábòójútó igbó tíìkì ní Pegu, ní ilẹ̀ Bọ́mà, ilẹ̀ kan náà tí àwọn ọmọ ogun wa lọ jà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó gun erin la igbó kọjá, ó mú ọparun lọ́wọ́ kan, ọ̀bẹ lọ́wọ́ kejì, nítorí òjò ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ìwé pẹ́. Gbogbo igi tíìkì tí ó bá rí lápá ọ̀tún àti lápá òsì ọ̀nà rẹ̀, a fi ọ̀bẹ dá àmì fún un sára ọparun náà gẹ́gẹ́ bí títóbi rẹ̀. Láti inú ìlà tóóró tí ó rìn ni ó ti ṣírò ohun tí ó wà nínú igbó tí kò rìn, láti inú ìṣirò náà ni ó sì ti fi òté lé iye igi tí a lè gé lọ́dún kan. Nígbà tí ó ṣe, Nọ́wè bẹ̀rẹ̀ kíkà gbogbo igbó orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní 1919, Fínlándì tẹ̀ lé e ní 1921, Súwídìn ní 1923. Àwọn ará Fínlándì fa ìlà la ilẹ̀ wọn já, ìlà kan jìnnà sí èkejì ní kìlómítà 26, orí ìlà wọ̀nyí nìkan ni wọ́n sì ti wọn igi; wọn kò fi ọwọ́ kan èyí tí ó pọ̀ jù nínú igbó wọn, síbẹ̀ wọ́n mọ ohun tí wọ́n ní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an, Ọlọ́lá, ni ọ̀nà tí a ó gbà yan ibi tí a ó ti kà. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún ìfẹ́ inú òṣìṣẹ́, kò sí bí kò ṣe ní yà sí ibi tí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn: yóò ka ẹ̀bá ọ̀nà tí ọkọ̀ lè dé, yóò sá fún àbàtà àti ibi tí ìtàkùn ti dí pa, bí ó bá sì jẹ́ pé ẹni tí ó fẹ́ ra gẹdú ni ó ń san owó oúnjẹ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí n sọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò gbé e lọ. Nígbà tí babaláwo bá ń dífá, kì í ṣe òun ni ó ń yan odù tí yóò hù. Bí ikin bá ti ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́ ni ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìyẹ̀rosùn, ìbáà ṣe ire, ìbáà ṣe ibi. Ọjọ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí yan odù tí yóò dùn mọ́ oníbèérè nínú, kò sí ohun tí a tún ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kíkà igbó rí. Inú ọ́fíìsì, lórí máàpù, ni a ti ń ṣẹ́ kèké mú abala àkọ́kọ́, ìyẹn ilẹ̀ kékeré tí a ó ti ka igi, tí a ó sì ti ibẹ̀ fi àlàfo kan náà to àwọn abala yòókù títí dé ẹnubodè igbó. Ibi tí kèké bá mú ni a ó lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àárín àbàtà. Kí a tó ṣẹ́ kèké, ó dára kí a pín igbó sí ìsọ̀rí, kí igbó àdáyébá dá dúró, kí oko Gmelina dá dúró, kí ibi tí kòkó ti gbà dá dúró. Nítorí igi inú ìsọ̀rí kan a máa jọra ju ti gbogbo igbó lápapọ̀ lọ, ìṣirò wa yóò sì túbọ̀ súnmọ́ òótọ́ láìsí pé a fi abala kan kún iṣẹ́. Ká ní a yan abala 400, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 50 níbùú àti mítà 50 lóòró. Gbogbo rẹ̀ kò ju 100 hẹ́kítà lọ, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún igbó Omo.

Nínú abala kọ̀ọ̀kan, mítà 1.3 sókè ilẹ̀ ni a ti ń wọn ìwọ̀n ara igi, ṣùgbọ́n bí ìdí rẹ̀ bá yọ apá bí ògiri, gẹ́gẹ́ bí ti arère, òkè ibi tí apá náà parí sí ni a ó wọ̀n. Igi tí inú rẹ̀ ti dihò, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pákó kò lè jáde nínú ihò.

Iye tí a bá rí kò pé bí a kò bá sọ ibi tí ó lè ṣìnà dé. Ká ní kíkà fi hàn pé igi 12 tí ó tó gé ni ó wà lórí hẹ́kítà kọ̀ọ̀kan nínú ìsọ̀rí kan tí ó jẹ́ 10,000 hẹ́kítà, kí ìṣirò sì sọ pé ó lè fi méjì dín tàbí kí ó fi méjì lé, pẹ̀lú ìdánilójú 95 nínú 100. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé igi tí ó wà níbẹ̀ lè jẹ́ 100,000, ó sì lè jẹ́ 140,000. Ìjọba tí ó bá pín 120,000 lórí èyí ti lè pín 20,000 igi tí kò sí. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ sùn kí ó hanrun, 100,000 ni yóò fi ṣe ìpìlẹ̀ ètò rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí méjì náà di ẹyọ kan, abala tí ẹ ó kà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà owó ni ẹ ó fi ra ìdánilójú, ẹ̀yin ni ẹ ó sì sọ èyí tí ó tó yín. Ìrókò ni ó ń bà mí lẹ́rù jù níhìn-ín, nítorí ó ṣọ̀wọ́n, ó sì tú ká: ọ̀pọ̀ abala yóò wà tí a kò ní rí ẹyọ kan, àṣìṣe tí ó rọ̀ mọ́ iye ìrókò, bí a bá fi wé iye náà fúnra rẹ̀, yóò sì pọ̀ ju ti gbogbo igi lápapọ̀ lọ fíìfíì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mú iye ìrókò wá síwájú yín láìsí àṣìṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ bi í bí ó ti ṣe rí i. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé àwòrán sátẹ́láìtì ti tó. Ó wúlò púpọ̀ fún pípín igbó sí ìsọ̀rí, ṣùgbọ́n láti òkè ọ̀run, kòkó tí ó wà lábẹ́ igi ńlá jọ igbó gidi, kò sì sí àwòrán tí ó lè rí ihò inú igi. Ilẹ̀ ni a ti ń tún ohun tí òkè sọ ṣe.

A kò ṣaláìní ọwọ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ igbó. Iléèwé gíga Ìbàdàn àti ilé ìwádìí igbó tí ó wà níbẹ̀ kò jìnnà. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wọn bá àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó wọlé, kí àwọn ọdẹ tí ó mọ orúkọ igi ṣáájú wọn, kí ọwọ́ mìíràn tí kò mọ ohun tí àwọn àkọ́kọ́ kọ sílẹ̀ sì tún díẹ̀ nínú àwọn abala náà wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a fi nọ́ńbà sára igi nínú àwọn abala kan tí a ó máa padà sí ní ọdún márùn-ún márùn-ún, kí a lè mọ bí igbó ṣe ń dàgbà lọ́dún, nítorí láìmọ ìyẹn a kò lè mọ iye tí gígé kò fi ní ju ìdàgbà lọ.

Nígbà tí àbájáde bá dé, mo bẹ̀ yín kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, iye àti àṣìṣe rẹ̀ lójú ìwé kan náà, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ògbèrè àti sí ẹnu ọ̀nà igbó náà ní J4, kí agégẹdú tí ó wá sanwó, àgbẹ̀ tí ó ń kọjá àti ẹ̀ṣọ́ tí ó ń gba ìwé lọ́wọ́ wọn lè jọ ka ohun kan náà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí ọ̀rọ̀ igbó jẹ lógún.